Qi kì í ṣe "ẹ̀mí" o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé "ẹ̀mí" lẹ fi túmọ̀ qi tó wà nínú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà, ìyẹn agbára tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàn káàkiri ara, mo dẹ̀ ní kí n tètè bá yín jiyàn ẹ̀ kó tó di pé gbogbo èèyàn gbà á. Ẹ̀mí tiwa, tó bá ti kúrò lára, ó parí nìyẹn. Qi ò rí bẹ́ẹ̀, ó lè dínkù, ó lè há síbì kan, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti ikùn yẹ kó máa lọ sísàlẹ̀ àmọ́ ó lè ṣẹ́rí padà sókè, wọ́n ní ìyẹn ló ń di ikọ́ àti èébì, oníṣègùn á wá se nǹkan tó máa dá a padà. Ṣé "ẹ̀mí ẹ̀ há" la fẹ́ kọ? Wọ́n á ní onítọ̀hún ti ń kú lọ. Ẹni tó tún ní ká lo "àṣẹ", àṣẹ wo ló ń há síkùn?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ látijọ́, 氣, ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀, oru ló wà lókè, bí ìgbà téèyàn ṣí ọmọrí ìkòkò. Mi ò ní ká pè é ní oru o, ká ṣá fi qi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Yorùbá ti bá a mu gan-an lẹ ò kàn. Tang tẹ́ ẹ pè ní "ọbẹ̀ oògùn", ṣebí àgbo ni! Wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á mu ún. Nínú mahuang tang, ìyẹn àgbo tí wọ́n fi ewéko mahuang sè, mahuang ni jun, ẹ̀ka igi sínámọ́nì ni chen, kóró èso apricot ni zuo, gbòǹgbò gancao tó dùn bíi ṣúgà ni shi, òun ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn rẹ́. Orúkọ ààfin ni wọ́n fún wọn, kí la tún ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún? Ọba ni jun, ìjòyè ni chen, ẹmẹ̀wà ni zuo, ìlàrí ni shi. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ mọ iṣẹ́ tí ìlàrí ń jẹ́.

"Oògùn tútù" tẹ́ ẹ kọ yẹn náà ò dáa tó. Àbúrò mi kà á, ó ní ṣé inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ ewé mint tútù lọ́dọ̀ wọn kódà tó bá ń hó lórí iná, atalẹ̀ gbígbẹ dẹ̀ gbóná, ohun tó ń ṣe fára ni wọ́n ń wò. Èmi á kọ "amáratutù" àti "amáragbóná". Wen, èyí tó gbóná díẹ̀, "lọ́wọ́ọ́wọ́" á gbé e, àmọ́ liang tó wà láàárín òun àti tútù pátápátá, "tútù díẹ̀" ò wù mí rárá, ta ló ní nǹkan míì?