Ẹ́ńjìnnì wo ni kí n gbé sínú Land Cruiser FJ60 bàbá mi?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin àgbà ọlọ́jíìpù. FJ60 kan ló wà nílẹ̀, ti bàbá mi ni, ọdún 1984. Ara rẹ̀ ṣì dáa, ìpẹtà ò mú un ju abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ, fóò-wíìlì ń wọlé, jíà ò dún. Ẹ́ńjìnnì 2F tó bá a wá ló fẹ́ gbé mi dé gbèsè. Bíi lítà 20 ló ń mu fún kìlómítà 100, tí mo bá wá kó àpò gàrí láti oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn bọ̀ n'Ìbàdàn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ò sì sí lára rẹ̀ mọ́, òkè kékeré báyìí màá ti já a sí jíà kejì, ọ́ìlì ń lọ, èéfín ń jáde.

Mẹkáníìkì mi ní ká tú 2F ká ríbọ̀ọ̀ rẹ̀, ìyẹn ká gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ sí i fún pisitini tó tóbi jù. Ẹlòmíì ní kí n lọ gbé dísẹ̀lì 1HZ. Ẹnìkan tún ní 1FZ-FE onípẹtiróòlù. Rewire kan ládùúgbò wa ní V8 inú Lexus LX470 ló yẹ ẹ́, mo kàn wojú ẹ̀ ni. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má ṣáà ní kí n tà á, ìyá mi ò ní gbà láéláé.

Bàbá_Láńdì:
Ọmọ mi, ẹ ò tíì wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó), ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ìgbà wo gan-an lèéfín yẹn ń jáde? Tó bá jẹ́ pé o ṣíná láàárọ̀ ó tú búlúù díẹ̀ ó sì dákẹ́, síìlì fáàfù ló ń jò, ìyẹn ò mú gbígbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dání. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà ló fi ń tú u, ríìngì ara pisitini ni. Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fi géèjì wọn sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá rẹlẹ̀, da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i kó o tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Tí ò bá gòkè, lọ wo fáàfù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa ń sáré lọ ra Belgium kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe ti ilé.

2F yẹn, irin gidi ni, lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní timing belt tó lè já lójijì, jíà ló ń yí kámú rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ẹ̀yà ara rẹ̀ nìkan ni wàhálà lóde òní. Pisitini òfásáìsì rẹ̀ ò sí ní gbogbo ìsọ̀, o lè wá a títí ní Àràrọ̀mí ní Gate kó o rí mẹ́rin dípò mẹ́fà.

Dísẹ̀lì_Ni_Tèmi:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa wíwọ̀n. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, tí ọ́ìlì bá ti ń lọ tí agbára náà ò sí, ẹ má da ara yín láàmú, 1HZ ni. Lítà 4.2 lòun náà, sílíńdà mẹ́fà, kò ní brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), kò ní tọ́ọ̀bò, pọ́ǹpù onírin ló ń fún nọ́sù lépo. Láti 1990 ló ti wà, òun ló wà nínú Land Cruiser 70 tí àwọn UN ń gùn kiri ilẹ̀ Áfíríkà, òun náà ló wà nínú Kósítà, torí náà mẹkáníìkì tí ò tíì fọwọ́ kàn án rí ò pọ̀. Kò yára o. Horsepower bíi 130 ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 2F lọ, ẹ má retí pé ẹ máa bá Camry sáré lọ́nà Èkó. Fífà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ló dùn, epo tó ń mu náà á sì wálẹ̀ dáadáa.

Ibi tíṣẹ́ wà rèé, ẹ kà á sétí mẹkáníìkì yín. Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ ra òun pẹ̀lú jíà H55F onípele márùn-ún látara Land Cruiser HZJ75, torí bell housing (ilé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) tó wà lára 2F yín ò ní bá a mu, tí wẹ́dà bá sì ní òun á gé irin lẹ̀ mọ́ ọn, klọ́ọ̀ṣì lẹ ó máa pààrọ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ ti Kósítà lẹ rí, ọpọ́n ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, àfi kẹ́ ẹ wá ti jíìpù, kick starter rẹ̀ sì lè jẹ́ 24 volt nígbà tí iná ọkọ̀ yín jẹ́ 12. Rewire á ní òun mọ bí òun ṣe máa so bátìrì méjì pọ̀ fún yín. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ wá kick starter 12 volt.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ gba máńífóòdù, fífà yẹn ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi ń fẹsẹ̀ kékeré tẹ̀ ẹ́. Dísẹ̀lì ò ní in. Pọ́ǹpù kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn alternator ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lára 1HZ. Tí wọ́n bá ta alternator tí ò ní pọ́ǹpù yẹn fún yín, ẹ́ńjìnnì á ṣíná, ọkọ̀ á rìn, ẹ ó wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ ẹ ó tẹ bíréèkì á le bí òkúta.

Fúẹ́lì_Lọba:
Ẹ̀yin onídísẹ̀lì, ẹ ti ra dísẹ̀lì láìpẹ́ yìí? Láti May 29, 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ni pẹtiróòlù ti gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n dísẹ̀lì ṣì máa ń wọ́n jù ú lọ. 1FZ-FE ni tèmi, inú Land Cruiser 80 ló ti ń wá, lítà 4.5, ó ju horsepower 200 lọ, ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe belt. Ẹ tẹ iná, ó lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí i sí gáàsì CNG lọ́la, ó ṣe é ṣe wẹ́rẹ́.

Dísẹ̀lì_Ni_Tèmi:
@Fúẹ́lì_Lọba ṣé CNG máa bá a dé oko ni? Ẹ tún sọ ti brain box àti wáyà gbogbo tó ń bá a rìn, tí wọ́n bá ti gé wáyà yẹn níbi tí wọ́n ti tú u, ta ló máa tò ó pa dà? Ó sì ń mu o, ẹ má purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Fúẹ́lì_Lọba:
Ó ń mu, mi ò sọ pé kò mu. Ó ń mu, ó sì ń sáré. 2F ń mu kò sáré 😂

Ìyá_Kósítà:
Ẹ kú àríyànjiyàn. Kósítà ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, 1HZ ló wà nínú wọn, mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi, ẹ fetí sílẹ̀: timing belt ló ń lò, gbogbo kìlómítà 100,000 ni wọ́n ní ká pààrọ̀ rẹ̀, tó bá já fáàfù á kọlu pisitini, ẹ tún ti di onígbèsè. Bó ṣe wà nílẹ̀ kó tó wọnú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, owó iṣẹ́ ò ní pọ̀, ẹ má gbọ́ "ó ṣì dáa" tí ẹlẹ́ńjìnnì máa sọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ní kí wọ́n ṣíná rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ kó gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ wá tú ìdérí ojú ọ́ìlì lókè, ẹ yí i dojú dé kẹ́ ẹ kàn gbé e lé ojú ihò yẹn. Tó bá dúró jẹ́jẹ́, ó dáa. Tó bá ń fò, tí èéfín ń tú síta, ẹ máa bá tiyín lọ. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n kùn, tó ń dán, tó jẹ́ pé ìdérí yẹn ò dúró níṣẹ̀ẹ́jú kan.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì yín sí fífi tọ́ọ̀bò sí i o, wọn ò ṣe é fún tọ́ọ̀bò, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù orí rẹ̀ á sán. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ọ̀bò kó lọ ra 1HD-T, kó sì pààrọ̀ bìárìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó gùn ún, gbogbo ayé ló mọ àìsàn yẹn mọ́ ọn.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ti wọ̀n ọ́n. Méjì nínú mẹ́fà ti lọ sílẹ̀ pátápátá, a da ọ́ìlì sí i, ó gòkè. Bàbá, ríìngì ni nígbà náà, àbí?

Bàbá_Láńdì:
Ríìngì ni, ó sì ṣeé ṣe kí ògiri sílíńdà náà ti jẹ. Tó o bá rí pisitini mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ lójú kan, tú u, ṣe é, ó ṣì máa sìn ọ́. Tí o ò bá rí i, gba ti ọmọ dísẹ̀lì yẹn, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n fi owó jíà, rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì síìtì tuntun àti ti wẹ́dà kún un kó o tó pinnu, torí iye ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n máa ń pè fún èèyàn. Kẹ́ ẹ tú táǹkì náà kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fa páìpù tó ń gbé epo pa dà sínú táǹkì, kẹ́ ẹ sì gbé fílítà tó ń yọ omi sí i, dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà kiri yìí, omi wà nínú rẹ̀.

Ìyá_Kósítà:
Ẹ gba rìsíìtì àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó tà á o, kẹ́ ẹ lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú páfìkúlà. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Mo wá pisitini títí, mi ò rí i. 1HZ pẹ̀lú H55F, mo ti gbà. Lọ́jọ́ Sátidé mo ń lọ sí Ládípọ̀, màá mú mẹkáníìkì mi dání.

FJ40_Abẹ́òkúta:
Ẹ má bínú mo kàn ń kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n, kábúrétọ̀ 2F yẹn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ káwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù kó o lọ, mo fẹ́ rà á.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn:
Ẹ wá wò ó. Ẹ kó gbogbo 2F náà lọ pọ̀, mi ò ta kábúrétọ̀ nìkan.