Agboòrùn pupa ń ba àwòrán mi jẹ́, ẹ gbà mí o

Aláwòrán Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù méjì ni mo fi ya ọjà àdìrẹ Ìtòkú sórí kánfáàsì. Ìyá arúgbó kan tó ń ka owó ni mo fẹ́ kéèyàn rí, àárín gbùngbùn ni mo sì fi í sí. Mo gbé e fún màmá mi wò. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Agboòrùn yìí mà pupa o!" Agboòrùn tí ò tó àtẹ́lẹwọ́, ní igun ọ̀tún lókè! Mo pe ọmọ àdúgbò kan, agboòrùn lòun náà wò, ló bá yíjú kúrò. Ẹnì kan ò rí ìyá arúgbó mi. Kí ni mo ṣe tí ojú wọn fi ń sá jáde báyìí?

Bàbá Ọlọ́dà:
Àbúrò, mo ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Ọjà àdìrẹ lo yà, aró á ti gba gbogbo ẹ̀ kan. Nínú aró tó pọ̀ tó yẹn, pupa ẹyọ kan á máa pariwo ni. O wá lọ gbé e sí igun. Ẹnu ọ̀nà lo ṣí sílẹ̀ fún wọn yẹn.

Wo àwòrán àwọn ọdẹ nínú yìnyín tí Pieter Bruegel yà ní 1565. Ìlú Vienna ní Austria ló wà, àmọ́ ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè mú un tóbi lórí fóònù. Bẹ̀rẹ̀ láti òsì: ọdẹ mẹ́ta kọ̀yìn sí wa, ajá wọ́ tẹ̀lé wọn. Igi tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkè. Kó o tó mọ̀, ojú rẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí omi tó dì, gbogbo wọn rí bí èèrà. Ó kan àpáta ṣóńṣó-ṣóńṣó lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú gbà jáde, àmọ́ ẹyẹ kan na ìyẹ́ sófuurufú níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò bo ẹyẹ yẹn lọ́jọ́ kan, kíá ni ojú mi bá àpáta lọ. Mo ṣí i, ojú mi padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Tẹ́ ẹ bá máa pa agboòrùn náà rẹ́, ẹ kọ́kọ́ tà á fún mi o 😂

Adékúnbi:
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìlà àti àwọ̀ nìkan kọ́ ló ń darí ojú. Ará Rọ́ṣíà kan, Alfred Yarbus, máa ń lẹ nǹkan kékeré mọ́ ẹyinjú èèyàn (ẹ gbà mí!) kó lè mọ ibi tí ojú ń lọ. Ìwé ẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1967. Àwòrán kan tí Ilya Repin yà ló lò, nípa ọkùnrin tó dédé wọlé bá ará ilé tí wọn ò retí ẹ̀. Ẹnì kan náà wò ó léraléra, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n ní kó sọ ọjọ́ orí àwọn tó wà nínú àwòrán náà, ojú àwọn èèyàn ló ń wò ṣáá. Wọ́n ní kó sọ bóyá ará ilé náà rí já jẹ, ó bọ́ sídìí aṣọ àti àga.

Tí wọn ò bá tiẹ̀ bi èèyàn ní nǹkan kan, ojú èèyàn bíi tiẹ̀ lá kọ́kọ́ wá. Ṣé ojú ìyá arúgbó yẹn hàn?

Aláwòrán Ẹ̀gbá:
Ó doríkodò. Gèlè nìkan ló hàn 🙈

Bàbá Ọlọ́dà:
Háà.

Aláwòrán Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé o. Mo ti gbé orí màmá àgbà sókè díẹ̀, mo fi aró àlòpẹ́ kun agboòrùn, mo wá fi pupa tín-ínrín sí etí gèlè. Mo tún ya ọmọdé kan sápá ọ̀tún tó ń wo ọwọ́ ìyá náà. Màmá mi wò ó láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, "Owó ìyá yìí ò pé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé agboòrùn dà.