Ṣé ká máa dá àwọn tó ń pe fóònù láti bèèrè èrò wa lóhùn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dìjà láàárín bàbá mi àti màámi, ẹ bá mi dá sí i. À ń yan gàárì lọ́wọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè nígbà tí fóònù màámi dún, nọ́ńbà tí a ò mọ̀, mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà torí ọwọ́ wọn ò mọ́. Ọmọbìnrin kan kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ń bá ilé-iṣẹ́ kan wádìí èrò ará ìlú. Ó bèèrè wákàtí mélòó ni iná ń wà lójúmọ́, ó bèèrè bí ọjà ṣe rí, màámi ń fi Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé dá a lóhùn, ọmọ yẹn á ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ", wọ́n á tún un sọ, ó ń dùn mọ́ wọn. Àfi ìgbà tó kan ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n máa dìbò fún, ni bàbá mi bá ké láti pálọ̀ pé kí n pa á kíá. Mo pa á. Bàbá ní ta ló mọ ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Màámi ní láti ìgbà tóun ti ń yan gàárì, ẹnì kankan ò bi òun léèrè rí pé báwo ni, àfi àwọn tó ń wá ìbò. Ṣé ká máa dáhùn ni àbí ká máa pa á?

Ará Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán. Kọ̀ǹpútà ló ń yan nọ́ńbà fún wa, bí wọ́n ṣe kọ ìbéèrè la gbọ́dọ̀ kà á, ọ̀gá á sì máa gbọ́ wa lẹ́yìn. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọkùnrin ìlú ńlá máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n irú màámi yín yìí, a lè pe ogún ká má rí ẹyọ kan. Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ra gàárì ní Òkè-Àjé? Ẹni tó mọ gàárì í rà kì í bu ti ẹnu àpò nìkan tọ́ wò, ó máa ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan èèyàn lè sọ bí gbogbo Nàìjíríà ṣe rí, tí ọwọ́ bá ṣáà ti dé ìsàlẹ̀. Nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest gba èsì lọ́wọ́ èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó ní Landon ló máa wọlé, Roosevelt ló wọlé, ó mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé fóònù àti ìwé àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti mú orúkọ, àwọn tó rí já jẹ nígbà yẹn nìkan, ẹnu àpò nìyẹn. Níbí náà, ìwádìí tí NOI Polls, ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú, ṣe ṣáájú ìdìbò ààrẹ 2023 fi Peter Obi síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ní àwọn ò ní sọ àti àwọn tí ò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa yàn pọ̀ rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Tinubu ni INEC kéde. Tí ẹ bá pa á, ẹlòmíì ló máa sọ̀rọ̀ lórúkọ yín.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra o. Obì ni mò ń tà ní Sábó, lọ́dún tó kọjá ẹnì kan pè mí, ó ní ìwádìí lòun ń ṣe lórí bánkì, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, mò ń dáhùn mo tún ń ka obì lọ́wọ́, ó wá ní nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun kóun lè fi rìchájì dá mi lọ́lá. Mo kà á. Kí n tó ka obì yẹn dé igba, ₦47,000 ti lọ, owó ilé-ìwé àwọn ìbejì. Mi ò dá nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ lóhùn mọ́ látìgbà yẹn, ẹ má sì bá mi wí.

Ará Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó dùn mí gan-an. Àwọn yẹn ló ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ẹni tó ń ṣèwádìí tòótọ́ kì í bèèrè BVN, kì í bèèrè píìnì, kì í bèèrè nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù. Ó gbọ́dọ̀ sọ ilé-iṣẹ́ tó rán an, ẹ lè ní kó pè padà kẹ́ ẹ fi wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín. Ìbéèrè tí ò bá wù yín, ẹ ní kó fò ó. Lọ́dún 2020 tí kòrónà sé wa mọ́lé, orí fóònù ni NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, àti Báǹkì Àgbáyé gbà bi àwọn ìdílé léèrè bóyá wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ. Tí gbogbo wọn bá ti pa á, ibo ni wọn ì bá ti mọ̀?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:
Èmi ò ní dáhùn ti òṣèlú láéláé. Wọ́n ti so SIM mọ́ NIN, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé wọn ò mọ̀ mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn méjèèjì lálẹ́ àná, ti Ìyá Ìbejì ló ká bàbá mi lára jù. Ọmọbìnrin yẹn tún pè láàárọ̀ yìí, màámi bi í ní orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, mo wá nọ́ńbà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ló rán an lóòótọ́. Ìgbà tó fi máa pè padà, bàbá ti gbé àga wọn wá síbi tí à ń yan gàárì, wọ́n jókòó tì wá. Ó dórí ẹgbẹ́ òṣèlú, màámi ní kó fò ó, ó fò ó. Ó wá bèèrè ìṣòro tó tóbi jù ládùúgbò wa. Màámi ní ọ̀nà oko ni, tí òjò bá ti rọ̀, mọ́tò kì í lè wọ̀ ọ́, ẹ̀gẹ́ á máa jẹrà síbẹ̀. Ọmọ yẹn ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ". Bàbá mi ló tún un sọ.