Fíìmù nínípọn ń ṣí kúrò lórí síláìdì, èyí tó kù sì ń di búlúù jù

LáàbùỌ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Ọ̀fà la wà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àyẹ̀wò ibà ti ń fún wa ní wàhálà. Tí a bá fi omi ṣan fíìmù nínípọn (ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ sórí gíláàsì síláìdì), ńṣe ló ń ṣí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Èyí tí kò bá ṣí, búlúù ni gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ kan tún máa ń wà káàkiri tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń kà mọ́ kókòrò ibà. Aró Giemsa 10% la ń lò, ìṣẹ́jú 10, omi bohóòlù la fi ń pò ó. Oòrùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la ń sá síláìdì sí kó lè tètè gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò aró náà pé yóò bàjẹ́ ṣì jìnnà. Níbo la ti ń ṣì í?

MikíróÌlọrin:
Àbúrò, ẹ gbé síláìdì kúrò nínú oòrùn lónìí. A kì í fi metanọ́ọ̀lù (irú ọtí líle tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ síláìdì) di fíìmù nínípọn, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀: omi inú aró ló gbọ́dọ̀ tú sẹ́ẹ̀lì pupa ká, kí pupa inú rẹ̀ ṣàn lọ, kí ojú lè ráyè rí kókòrò àti sẹ́ẹ̀lì funfun. Ooru oòrùn ń se ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ síláìdì bí ìgbà tí ẹyin bá dì. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní tú mọ́, yóò wá mu aró, gbogbo ibẹ̀ á sì ṣú. Ara ohun tó fa búlúù yín nìyẹn.

Ní ti ṣíṣí, ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Máíkírólítà 6 ni, kí ẹ tẹ́ ẹ tó mílímítà 12 ní fífẹ̀. Ẹ gbé síláìdì tútù náà lé orí ìwé ìròyìn: ó yẹ kí ẹ lè fi agbára káká ka lẹ́tà abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i kà rárá, ó ti nípọn jù, yóò ṣí ni. Ọ̀rá ọwọ́ náà ń ṣe é. Síláìdì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀: ọṣẹ, omi púpọ̀, kí ẹ rì í sínú sípíríìtì 70%, kí ẹ sì fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán nù ún. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ọwọ́ máa kàn.

Àìgbẹ dénú ló sábà máa ń fà á jù lọ. Ọyẹ́ máa ń tan ènìyàn jẹ níbí, torí pé ojú fíìmù á gbẹ kíá, inú rẹ̀ á sì tutù. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, kí ẹ lo afẹ́fẹ́ fáànù tí kò gbóná. Tí kò bá sí ìkánjú, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò EDTA (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) kì í lẹ̀ mọ́ síláìdì bíi ti orí ìka, nítorí náà ẹ fún un láyè sí i. Kí ẹ sì fi páálí bò ó. Eruku ọyẹ́ ń bà sí i, eṣinṣin sì ń jẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an, ihò ni yóò dá sí i lára.

Oníṣẹ́Ẹ̀jẹ̀_ÒmùÀrán:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n omi bohóòlù yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà sí. Aláró mọ̀ pé omi eérú ló ń sọ bí ẹ̀lú yóò ṣe mú aṣọ. Bákan náà ni Giemsa rí: omi tí a fi pò ó ló ń pinnu àwọ̀. Bọ́fà (omi tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tàbí bó ṣe dà bí omi eérú, kì í tètè yí) pH 7.2 ni ti ibà. Ẹ fi omi dísítíìlì tú hóró bọ́fà, kí ẹ sì ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí pé òmíràn wà fún mílílítà 100, òmíràn wà fún lítà kan. Kí ẹ wọn pH rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Tó bá lọ sókè jù, ẹ kán omi iyọ̀ KH₂PO₄ 2% sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá wálẹ̀ jù, Na₂HPO₄ 2%. Hóró 6.8 tó wà lórí àtẹ, ti aró Leishman ni, fún wíwo sẹ́ẹ̀lì funfun. Ẹ má fi ṣe ti ibà: kókòrò kò ní mu aró bó ṣe yẹ, àmì tó-tò-tó tí ẹ fi ń dá *P. ovale* (irú kókòrò ibà kan) mọ̀ lè má sì hàn rárá.

Àwọn dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró ni. Ẹ má mi ìgò aró àìpò kí ẹ tó fà nínú rẹ̀. Ẹ fi bébà asẹ́ Whatman No. 1 sẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ lò. Pípẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nìkan ni kó wọ inú ìgò náà, torí pé omi díẹ̀ tó bá kó sí i ti ń bà á jẹ́. Èyí tí ẹ bá ti pò, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ da ìyókù nù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn yí síláìdì dà kí aró ṣàn lọ: awọ tó léfòó lójú aró á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Síláìdì gbọ́dọ̀ wà gbalaja, kí ẹ rọra da omi sí etí rẹ̀ títí awọ náà á fi léfòó lọ, ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ máa wá gbé e dúró kó gbẹ.

Fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́: kókòrò gbọ́dọ̀ ní ẹyọ pupa àti ara búlúù papọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò ní búlúù lára. Tí ẹ bá yí bọ́tìnnì kékeré ara maikirosíkóòpù, ẹ óò rí i pé òkè ẹ̀jẹ̀ ló wà.

LáàbùỌ̀fà:
A dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé ká kúrò lórí 10% bọ́ sí 3%? Fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wa náà (èyí tí a fà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì fi metanọ́ọ̀lù dì), nígbà òjò, ihò funfun tó ń dán máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa.

MikíróÌlọrin:
Tí aláìsàn bá ń dúró, 10% dára. Tí síláìdì bá pọ̀, 3% ló dáa jù: mílílítà 3 aró sínú 97 bọ́fà, ìṣẹ́jú 45. Aró tó ń lọ kéré, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ ju ti 10% lọ. Ìgò tuntun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi síláìdì tí ẹ mọ̀ pé ibà wà nínú rẹ̀ dán 10% rẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú 8, 10, 12 àti 15, èyí tó bá mọ́ jù ni kí ẹ kọ sára ìgò.

Oníṣẹ́Ẹ̀jẹ̀_ÒmùÀrán:
Ihò tó ń dán yẹn, omi ló wọ metanọ́ọ̀lù. Ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra tí ìdérí bá ṣí sílẹ̀. Ẹ máa bù díẹ̀ sínú ìgò kékeré fún òòjọ́, kí ẹ dé ìgò ńlá pa. Fíìmù náà sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí metanọ́ọ̀lù tó kàn án. Tí fíìmù méjèèjì bá wà lórí síláìdì kan, ẹ fi òwú tó ní metanọ́ọ̀lù tọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan, kí ẹ dẹ síláìdì sísàlẹ̀ kó má ṣàn lọ bá nínípọn. Bó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní tú mọ́.