Bí mo bá ti pa virtual card (káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé fọwọ́ mú) rẹ́, ṣé owó ṣì ṣeé gbà padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Maṣíìnì ìránṣọ kan ni mo fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé e wá sí Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹni tó ń tà á kò gbà kí n sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Àkáǹtì tó fi ránṣẹ́, orúkọ èèyàn ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ó tún ní kí n ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ATM mi. Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ láé: nọ́ńbà iwájú, oṣù tí káàdì máa parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ ti tó fún olè láti fi rajà níbi tí wọn kì í ti í béèrè OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ síni.

Mo ti yẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà wò lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn nìkan ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Transfer ṣòro láti gbà padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro virtual card, kí n fi iye owó ọjà nìkan sí i, kí n sì pa á rẹ́ tí mo bá ti sanwó tán.

Ìbéèrè mi ni pé: bí ọjà ò bá dé, ṣé báńkì ṣì lè bá mi gba owó náà padà lórí káàdì tí mo ti pa rẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.