Ará òkè òkun ń bọ̀ nílé: àyẹ̀wò Kòrónà wo ló yẹ?

ỌmọÒde: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba, ọ̀dọ̀ Màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa wọ̀ sí. Ṣé àyẹ̀wò PCR ti yàrá àyẹ̀wò ni kó ṣe, àbí èyí tí wọ́n ń ṣe nílé?

Nọ́ọ̀sìṢágámù: Ti ilé tó. PCR máa ń rí kòkòrò àrùn tó kéré gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò ló ń ṣe é. Tó bá ti ní Kòrónà láìpẹ́, PCR ṣì lè máa rí i lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ti ọjọ́ tó dé nìkan. Èyí tó kó nínú ọkọ̀ òfúrufú kò tíì pọ̀ tó láti hàn. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ le, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó ṣe é, kí wákàtí 48 wà láàárín wọn.

ApòògùnRẹ́mọ: Ooru máa ń ba ohun èlò àyẹ̀wò ilé náà jẹ́. 2 sí 30°C ló sábà máa ń wà lára páálí, ẹ má fi í sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Kó fọn imú ná, kó yí igi olówùú tó wà nínú páálí náà lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ihò imú kan, kó fi òun náà ṣe èkejì. Ìlà C, tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́, ò yọ? Ó ti bàjẹ́, ẹ mú òmíràn. Ìlà T, tó ń fi Kòrónà hàn, tó yọ lásìkò tí ìwé rẹ̀ sọ, bó ti wù kó ṣú bàìbàì tó, ó ti ní i nìyẹn.

ỌmọÒde: Tó bá wá yọ lẹ́yìn wákàtí kan ńkọ́?

ApòògùnRẹ́mọ: Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ẹ ṣe òmíràn.