Medicaid ò fọwọ́ sí pámpásì Màámi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ mi síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, kò dáa kí wọ́n máa fi mọ ìyá mi. Maryland la wà, ní Amẹ́ríkà. Màámi ti pé 76, sítróòkì kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá òsì ò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún wọn mọ́, ìtọ̀ náà ò dúró, kí wọ́n tó dìde dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ó ti dà. Wọ́n ní Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, wọ́n tún ní Medicaid, ti àwọn tí owó wọn ò tó. Mo pe Medicare, wọ́n ní àwọn ò kì í san owó pámpásì àgbà. Mo wá gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún Medicaid, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́tà dé pé wọn ò fọwọ́ sí i. Látìgbà yẹn èmi ni mò ń rà á, páálí kan bíi dọ́là 45, kì í pé ọjọ́ mẹ́jọ tó fi ń tán, bẹ́ẹ̀ rẹ́ǹtì ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wá dùn mí jù, mò ń gbálẹ̀ yàrá wọn lọ́jọ́ Sunday, mo bá ìró mẹ́ta tó tutù rinrin nínú báàgì Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti ń ró ìró lé ìró kí pámpásì má baà tètè tán! Wọn ò sì mu omi mọ́ tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi, Ọlọ́run á bá wa wo Mama. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé ni mò ń ṣe, mo ti rí irú ẹ̀ àìmọye ìgbà. Wo ìwé tí dókítà kọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kóòdù àìsàn R32 nìkan ló wà níbẹ̀. Kóòdù yẹn ò sọ ju pé ìtọ̀ ò dúró lọ, kò sọ ohun tó fà á, àìsàn tó wà nídìí ẹ̀ gan-an ni Medicaid sì fẹ́ rí. Ní kí dókítà kọ sítróòkì yẹn síbẹ̀, kó kọ ọ́ pé apá kan ò ṣiṣẹ́, pé Mama ò lè tètè dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kó kọ iye tí wọ́n ń lò lójúmọ́, sáìsì, àti iye oṣù tí wọ́n máa fi lò ó. “Adult diapers as needed” tí wọ́n máa ń kọ yẹn, ìwé òfo ni.

Ẹni tó bèèrè
Háà, ẹ̀gbọ́n! R32 náà ni, òun nìkan. Ṣé ẹ jókòó ti dókítà náà ni 😂

Bọ̀dá Laurel
Ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fi pẹjọ́ wà lórí lẹ́tà yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Fair hearing ni wọ́n ń pè é, ẹ̀tọ́ Mama ni, kò ní kí ẹ gba lọ́yà. Ìwé dókítà tuntun ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹ tún wo káàdì Medicare wọn, tó bá jẹ́ Medicare Advantage, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, àwọn kan nínú wọn máa ń fúnni lówó tí wọ́n fi ń ra nǹkan ní fámásì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Medicare gidi ò san án lóòótọ́. Catheter, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, ni Part B, apá Medicare tó ń san owó dókítà, máa ń san tí wàhálà ìtọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí kò ní lọ, ti pámpásì kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin ṣì rí Medicaid. Gíríìnkáàdì màmá tèmi ò tíì pé ọdún 5 nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ò ní dá irú wọn lóhùn. HSA ibi iṣẹ́ mi, àkáǹtì owó ìtọ́jú tí wọn kì í gba tax lórí ẹ̀, ni mo fi ń rà á. IRS, àwọn agbowó-orí, gbà á tó bá jẹ́ àìsàn ló fà á, torí mama wà lábẹ́ mi nínú ìwé tax, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rìsíìtì àti lẹ́tà dókítà o. Ẹ pe 211 náà, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ni, àwọn diaper bank kan tó ń fúnni ní pámpásì lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń fún àgbàlagbà, èmi rí páálí méjì gbà níbẹ̀.

Àǹtí Peckham
Ti ọ̀dọ̀ wa níbí ní London yàtọ̀, NHS, àwọn elétò ìlera ìjọba, ló ń gbé e wá sílé, àmọ́ nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wá bi yín ní ìbéèrè tó pọ̀. Wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà tí Mama mu omi, ìgbà tí wọ́n tọ̀, ìgbà tó dà. Ìwé yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣe irú ẹ̀ kó o gbé e fún dókítà, kò ní máa méfò iye tí wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ò dáa rárá o, tí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á ki, á máa ta wọ́n, á tún wá máa sáré jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá infection wà níbẹ̀, kí wọ́n wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò náà, òmíràn nínú wọn máa ń mú èèyàn tọ̀ gan-an.

Ìyá Mókọ́lá
Ìbàdàn lèmi wà, kò sẹ́ni tó bá wa san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní pámpásì létí Mama, bàbá wa ò gbà láti wọ̀ ọ́ àfìgbà tá a sọ ọ́ ní “ṣòkòtò òru”.

Ẹni tó bèèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Dókítà ti tún ìwé kọ, ó kọ sítróòkì, ó kọ mẹ́fà lójúmọ́, mo sì ti fi ìwé fair hearing ránṣẹ́ lọ́jọ́ Tuesday. Ìyá Mókọ́lá, “ṣòkòtò òru” ti ṣiṣẹ́ o! Àwọn fúnra wọn ló ń kọ iye ẹ̀ báyìí, wọ́n ń fi bírò fa ìlà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lánàá wọ́n ní kí n bá àwọn bi dókítà bóyá èyí táwọn wọ̀ lọ sí ìsìn náà wà nínú mẹ́fà yẹn.